Àdúrà Tí Kò Tíì Gbà

"Àyè ti kún," ni fóònù ilé wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tútù kan tí kì í bínú. "Ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín ẹrù kù."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀!" Akínkúnmi fi ọwọ́ gbá itan ara rẹ̀. "Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti ń dín ẹrù kù. Áàpù mọ́kànlá ni mo ti pa, Àǹtí Mopé. Mọ́kànlá! Kò rọ̀ sílẹ̀ rárá."

Mopélọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Àpò ìrìn-àjò ṣì wà ní èjìká rẹ̀, eruku ọ̀nà Òkè-Àràbà sì ti sọ bàtà rẹ̀ di pupa. Ó na ọwọ́, àbúrò rẹ̀ sì gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó kọ̀ tí kò dákẹ́ fún ìyá rẹ̀. Fóònù náà fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Okùn irin tó so ó mọ́ ògiri pálọ̀ kò jẹ́ kó kọjá ìdí àga, òǹtẹ̀ Ilé-iṣẹ́ Omi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbàgàdà. Ọ̀kan péré ni òfin gbà fún ilé kan.

"Kí lo tẹ̀?" ó bi í.

"Mẹ́mọ́rì. Mo rí i pé ó pupa, mo bá ń pa gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"Akin, mẹ́mọ́rì ni orí ààrò, ibi tí iná ti ń jó lọ́wọ́lọ́wọ́. Àká ni ibi tá a kó àgbàdo sí. Bí o bá sọ gbogbo ìkòkò kalẹ̀ lórí ààrò, ṣé àgbàdo inú àká á dín?"

"Kò ní dín."

"O kú iṣẹ́ ńlá o."

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí Mopélọ́lá ti ń tún fóònù ṣe ní ọjà Ìlárá-Odò. Ojú lásán ló fi ń mọ ohun tó ń jẹ fóònù níyà, ó sì ti kọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín ni ìyà náà sábà máa ń ti wá. Ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá. Òní ni ọjọ́ kẹjọ ọmọ. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù tí gìgá méjìlélọ́gbọ̀n kò ṣófo nínú àká ilé yìí fún ọmọ tuntun, ìwé ìjọba yóò kọ nọ́ńbà síbi tó yẹ kí orúkọ wà, kò sì ní yí i padà títí ọmọ á fi pé ọdún méje.

Bí ẹni pé wọ́n dìídì rán an sí wọn, ohùn obìnrin kan ta láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì: "Mẹ́tàlá-Bíì! Ìwọ Mẹ́tàlá-Bíì, o ò ní wá jẹun ni?" Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kékeré kan sáré kọjá lábẹ́ fèrèsé. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ gidi, orúkọ tó dùn, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ omi kò mọ̀ ọ́n, nígbà tó yá ni ìyá rẹ̀ náà jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Akínkúnmi dìde, ó ti fèrèsé náà pa.

"Gìgá mẹ́sàn-án ló ṣófo," Mopélọ́lá wí. "Ó ku mẹ́tàlélógún. Jẹ́ kí n wò ó dáadáa."

Ó wọ inú Ètò, ó tẹ Àká. Ọ̀pá aláwọ̀ mèremère kan nà láti apá òsì dé apá ọ̀tún, díẹ̀ báyìí ló kù tí kò ní àwọ̀ lára. Ó ń kà á lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ kan lu ilẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ogún gìgá. Áàpù, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ni ìjọba pàṣẹ. Ìwé, méjìdínlógún. Àwòrán àti fídíò, mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún, àmì pupa lára wọn látòkèdélẹ̀: ààlà oko, ìwé ìlera, ẹ̀rí ilé ẹjọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

"Fídíò ìgbéyàwó yín ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́ lánàá." Akínkúnmi kò wo ojú rẹ̀. "Ìyùnadé sunkún títí. Fídíò bọ́ọ̀lù mi náà ti lọ, orin mi ti lọ. Kò sí nǹkan kan tó jẹ́ tèmi mọ́ nínú ẹ̀."

Ó ku àwọ̀ kan, èyí tó gùn jù. Mopélọ́lá tẹ̀ ẹ́. Ohùn: gìgá méjìdínlọ́gọ́fà.

Ó gbé ojú sókè. "Ohùn ta ló tó báyìí? Ta ló ń sọ̀rọ̀ tó báyìí nínú ilé yìí?"

Akínkúnmi yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìyá wọn ti jáde láti ibẹ̀, ó gbé ọmọ tuntun lé àyà. Ìyùnadé, ìyá ọmọ, ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ṣì fi ọ̀já di inú rẹ̀. Mopélọ́lá kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Màmá. Ìyùn, kú ewu o, ẹ kú orí ire."

"A kú ewu." Ìyá wọn jókòó sórí àga tó sún mọ́ ògiri jù. "Bó ṣe kan Ìyùnadé, á kan ìwọ náà lágbára Ọlọ́run."

"Àmín," Mopélọ́lá wí. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe àmín sí i, ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Ohùn mi ni," ni ìyá náà wá sọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àdúrà ni."

Ìyùnadé jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìlú míràn ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, ó sì máa ń béèrè ohun tí àwọn ọmọ ilé kò lè béèrè. "Màmá, ẹ má bínú. Níbi tí wọ́n ti bí mi, a kì í tọ́jú àdúrà. A ó gbàdúrà, yóò sì lọ."

"Yóò lọ síbo?" Ojú ìyá náà tàn sí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ni. "Níbí, tá a bá ń gbàdúrà, a ó gbà á sílẹ̀ sínú fóònù. Bó bá gbà, a ó pe ara wa jọ, a ó kọrin ọpẹ́, a ó wá pa á rẹ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ọjọ́ tí o sọ̀ kalẹ̀, ṣé o ò gbọ́ bá a ṣe ń kọrin lọ́ọ̀dẹ̀ ni? Tìẹ la ń pa rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì gbà, a kì í pa á. Ta ló ń fa ìwé ẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ ya nígbà tí ọba kò tíì dáhùn?"

Mopélọ́lá kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ti ṣí Ohùn. Ìdìpọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, a ti sé e, ẹgbàajì ohùn ó lé mẹ́rìndínlógún sì wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ní àkọlé kan náà: Mopé, àárọ̀. Mopé, àárọ̀. Mopé, àárọ̀. Ó fi ìka yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, kò yàtọ̀. Ara rẹ̀ gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí. Kò mọ̀ bóyá ìtìjú ni tàbí ìbínú, àwọn méjèèjì ń du àga kan náà.

Ó tẹ ọ̀kan níbi tó bọ́ sí. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde, ohùn ìdájí, tó ṣì ní oorun nínú: "Ọba tí kì í tòògbé, èmi náà tún dé o. Mopélọ́lá ọmọ mi ni mo gbé wá. Fún un ní ohun tí yóò gbé pọ̀n. Ojú ń tì í láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ …"

Ó dá ohùn náà dúró kíá. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ọdún karùn-ún sẹ́yìn, ọdún tí ọkọ rẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Títí di òní, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ojú ń ti òun.

"Ẹ jẹ́ ká pa díẹ̀ nínú ẹ̀," ó wí, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. "Mẹ́tàlélógún péré la nílò. Ọdún méjì àkọ́kọ́, pẹ̀lú oṣù díẹ̀."

"Ọdún wo nínú rẹ̀ ni kí Ọlọ́run gbàgbé?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá."

"Kò tiẹ̀ ṣeé ṣe. Mo ti dì í ní ìdìpọ̀ kan, mo sì ti sé e. Ẹgbẹ́ aládùúrà ló kọ́ mi, wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ tá a bá dì pọ̀ lágbára ju èyí tó fọ́n káàkiri."

Mopélọ́lá, atúnfóònùṣe, mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìdìpọ̀ tá a bá ti sé, odindi la ń dá sí, odindi la ń pa. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, àtẹ̀síwá àtẹ̀sẹ́yìn, fóònù sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú sùúrù: "Orúkọ Mopélọ́lá wà nínú rẹ̀. Àtàǹpàkò Mopélọ́lá nìkan ló lè pa á rẹ́."

Ìgbà náà ló yé e. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "O ní kí n tètè wá bá yín wo fóònù."

"Àǹtí …"

"O ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bímọ lo ti mọ̀."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Omi lé sí ojú Akínkúnmi. "Kí n pè yín, kí n ní, ẹ wá pa àdúrà ọmọ yín rẹ́ kí tèmi lè jẹ́ orúkọ? Ẹ̀yin náà ẹ gbé e wò. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?"

Mopélọ́lá gbé fóònù náà kalẹ̀. Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún lọ. Aago mọ́kànlá ti lù. Bí inú bá ń bí i sí Akin, kò pẹ́ tí yóò fi rí i pé òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dà á láàmú jù kò ṣeé sọ síta. Ní Ìlárá-Odò, lójoojúmọ́, bí aago márùn-ún bá ti ń lù, ó máa ń jí fúnra rẹ̀. Yóò mọ̀ pé ní Òkè-Àràbà, ẹnìkan ti ń pe orúkọ òun. Ó kórìíra rẹ̀, nítorí kò sí àárọ̀ kan tó lè jí kó kàn jẹ́ èèyàn lásán. Síbẹ̀, lórí àárọ̀ yẹn náà ló ń gbé ara lé. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kó ẹrù jáde, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé, ó kéré tán, wọ́n ṣì ń bẹ̀ mí lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bó bá tẹ ìka mọ́ ọn, ta ni yóò wá jẹ́ láago márùn-ún àárọ̀ ọ̀la?

"Ẹ̀yin ará ilé, a kú ewu ọmọ o!"

Ọ̀gbẹ́ni Láníhun ni, olùyẹ̀wò láti Ilé-iṣẹ́ Omi. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ìyá àgbà, ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ki ọ̀pá ìwọ̀n bọ ìdí fóònù. Ọ̀pá náà pupa láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó kún."

"A mọ̀," Mopélọ́lá wí.

"Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló kù, Àǹtí. Ọ̀pá yìí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ ti rí orúkọ yín gbà." Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wá tọrọ gáfárà bí ẹni tó ti sọ ọ́ nílé púpọ̀. "Ẹ̀yin náà rántí odò Ẹlẹ́ja. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbẹ kí òfin tó dé, ilé ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ohun inú fóònù ló fa omi rẹ̀ láti fi tu ara títí ó fi gbẹ, nítorí àwòrán oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń yà kí wọ́n tó jẹ ẹ́."

"Tèmi kì í ṣe àwòrán oúnjẹ," ìyá àgbà fèsì.

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ìyá náà wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ya ẹnu gbàǹgbà, ó sì tún sùn lọ. Ìyùnadé ló dìde. Ó rìn wá kúnlẹ̀ síwájú Mopélọ́lá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ṣì ń ro ó.

"Àǹtí mi, ẹ má pa á."

"Ìyùn, dìde nílẹ̀. Ara rẹ kò tíì le."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wo ọmọ mi lójú kí ẹ máa rí ohun tí ẹ pàdánù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ nọ́ńbà. Ọdún méje á pé. Èmi á máa pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé, á máa dáhùn."

"Títí dìgbà wo? Títí tí ìwọ náà á fi rẹ̀, tí wàá máa pariwo nọ́ńbà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀?" Mopélọ́lá gbá a ní apá mú, ó gbé e dìde. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ rọ̀. Nínú gbogbo wọn, Ìyùnadé nìkan ló ro ti òun kó tó bẹ̀ pé kí òun má ṣe é.

Ó padà sídìí fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Mopé." Ìyá rẹ̀ ti rọra gbé ọmọ fún Akínkúnmi. "Bí o bá pa á rẹ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún Un láàárọ̀ ọ̀la?"

"Ẹ sọ pé ẹ kú àárọ̀, Màmá."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́ mi." Ó wá wò ó tààrà, ohun tí kò ṣe rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ ọmọ nígbà náà, mo fẹ́ ẹ gan-an. Ní báyìí mo ti di mẹ́rìnlélógójì, tí ẹnìkan bá sì bi mí pé ṣé mo ṣì fẹ́ ẹ, mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀, Màmá! Mi ò ráyè mọ̀ ọ́n. Kí n tó la ojú láàárọ̀, ẹ ti bá mi fẹ́ ẹ."

Ọ̀gbẹ́ni Láníhun tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

"Ìfẹ́ ni," ìyá rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ní kí ẹ dákẹ́."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mopélọ́lá gbé àtàǹpàkò lé ojú fóònù. "Ṣé ó dá yín lójú?" fóònù bi í, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn, ì báà jẹ́ àwòrán ẹ̀wà ni wọ́n fẹ́ pa. Kò dá a lójú. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ gígùn náà sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kúrò lára ọ̀pá, láti ọ̀tún wá sí òsì, ọdún mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ohùn kan sì bọ́ láàrin ìka rẹ̀, kì í ṣe igbe, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀. Wọn kò ní orin fún irú ìparẹ́ báyìí ní Òkè-Àràbà. Èyí tó gbà nìkan ni wọ́n ń kọrin fún. Gbogbo wọn wá dúró láìmọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, títí ọ̀pá olùyẹ̀wò fi di àwọ̀ ewé.

"Ó ti ṣófo!" Láníhun gbá ìwé rẹ̀ mú. "Orúkọ ọmọ, kíákíá!"

"Ẹ̀rínfọlámí," Akínkúnmi wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ẹ̀rínfọlámí ni. Ẹ kọ ọ́ dáadáa, ẹ má gbàgbé àmì orí ẹ̀."

Ó kọ ọ́. Fóònù ka orúkọ náà padà, lẹ́ẹ̀kan, ní kedere, Ìyùnadé sì fi orí ti ògiri ó bú sẹ́kún ayọ̀. Aago méjìlá lù nígbà tí wọ́n ṣì ń kí ara wọn.

Olùyẹ̀wò kò tíì pa ìwé dé. "Ó ku nǹkan kan o. Ẹ ti gba méjìlélọ́gbọ̀n fún ọmọ. Gìgá márùndínlọ́gọ́rùn-ún ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì ni. Bí ẹ ò bá kọ ẹnikẹ́ni sí i lónìí, odò ló ni ín. Ohun mẹ́ta ni ìwé gbà: ọmọ, iṣẹ́, tàbí òkú. Èwo ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ ọmọ!" Ìyá àgbà ti nu ojú rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ de ọmọ Mopélọ́lá. Èmi á tún bẹ̀rẹ̀."

"Rárá, Màmá." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá, ẹ kọ orúkọ mi."

"Fún iṣẹ́ ni, Àǹtí?"

"Kì í ṣe fún iṣẹ́. Èmi gan-an, Mopélọ́lá, ni kí ẹ kọ síbẹ̀."

Láníhun wo ìwé rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Kò sí ibi tí wọ́n fi ìyẹn sí."

"Ẹ fi ọwọ́ fà á."

Ọkùnrin náà rò ó wò. Ó wo iye ojú tó ń wo òun nínú pálọ̀ náà, ó yọ bírò lápò, ó sì fa ìlà mẹ́rin tí kò gún dáadáa, bí àpótí, sí abẹ́ àpótí mẹ́ta tí ìjọba tẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ síwájú láti kà á, gèlè orí rẹ̀ ti yẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ọ̀rọ̀ míràn tó tẹ̀ lé orúkọ náà.

"Kí lo wá fẹ́, Mopé?" ó bi í. Kì í ṣe àdúrà, kì í ṣe ìbáwí. Ọdún mọ́kànlá rèé, kò bi í rí.

Mopélọ́lá ya ẹnu, ẹ̀rín sì bọ́ jáde pẹ̀lú omijé.

"Mi ò tíì mọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún Un kí n tó mọ̀."